Inú Eré Ni Wọ́n Ti Kí Mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ọwọ́ mi kò mọ́ ìwé kíkọ lára. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti kúrò níléèwé, láti ìgbà náà ohun tí mo ń kọ kò ju ọ̀rọ̀ ṣókí orí fóònù lọ. Bí gbólóhùn kan bá gùn jù, tàbí tí mo bá fi ọ̀rọ̀ sí ibi tí kò yẹ, ẹ bá mi gbé e sí ipò rẹ̀ bí ẹ ti ń kà á. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le. Eré kan ni wọ́n ṣe ní àdúgbò wa ní Odòde, ní Ìdànrè, èmi náà sì wà nínú rẹ̀.

Kí n tó sọ ti eré, kí n sọ ti ilé wa. Èmi àti bàbá mi nìkan ni à ń gbé ibẹ̀. Bàbá mi ní oko kòkó lọ́nà Atosin, àárọ̀ kùtù ló máa ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé. Mo máa ń bu oúnjẹ rẹ̀ sí orí tábìlì, mo máa ń fi àwo bò ó, èmi á sì jẹ tèmi nílé ìdáná. Kì í bá mi jà, n kì í sì í rí i fín. Ṣùgbọ́n ilé wa dákẹ́. Ikọ́ rẹ̀ ni mo fi ń mọ yàrá tó wà.

Èkó ni mo wà nígbà tí ìyá mi kú. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni wọ́n fi mí sí, mo ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Wọn ò sọ fún mi. Bàbá mi ló ní kí wọ́n má sọ, kí n má baà ṣe ara mi léṣe lójú ọ̀nà. Wọ́n sin ìyá mi, wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn àlejò lọ sílé wọn. Nígbà tí mo dé fún Kérésì, bàbá mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń pọ́n àdá. Ó ní, "Ìyá rẹ ti lọ. A ti sin wọ́n." Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi lórí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ṣé ẹ ti jẹun, sà?"

N kò padà sí Èkó mọ́. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ eré, kò sí ẹnì kan tó kí mi kú ọ̀fọ̀ ìyá mi. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi. Ẹni tó bá rí mi lójú ọ̀nà nígbà náà á ní, "O káàbọ̀, báwo ni Èkó?", á sì yára wolẹ̀. Ó jọ pé olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti kí mi. Àwọn kan sì lè máa bẹ̀rù pé bóyá wọn ò tíì sọ fún mi, kí ó má di pé àwọn ni wọ́n tú u. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà ti gbó. Ta ló ń kí ènìyàn kú ọ̀fọ̀ lẹ́yìn ọdún kan? Ọdún kejì kọjá, ìkẹta náà dé. Mo kàn ń gbé ohun tí n kò rí ẹni bá mi sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ṣáájú ni pé láìsí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré kò ní já mọ́ nǹkan lójú yín.

Ilé àtijọ́ kan wà nítòsí wa, ilé ọ̀gá iléèwé kan tó ti di olóògbé. Àkúrẹ́ àti Èkó ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà, Kérésì nìkan ni fèrèsé ibẹ̀ máa ń ṣí. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àbíkẹ́yìn wọn dé láìṣe ìgbà Kérésì. Obìnrin ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣòkòtò ló sábà máa ń wọ̀. Ní yunifásítì ló ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní eré ṣíṣe. Gbogbo wa ń pè é ní Àǹtí. Ó ń wá ẹni tí yóò bá òun tún ilé ṣe, aládùúgbò wa kan sì júwe mi fún un.

Mo gbá ilé náà, mo fọ ilẹ̀, mo lé àwọn alángbá jáde. Nígbà tí mo fẹ́ dá àwọn àga padà sí àárín pálọ̀, Àǹtí ní, "Fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àwọn òǹwòran ló máa jókòó síbẹ̀."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. "Òǹwòran kẹ̀? Nínú pálọ̀?"

"Nínú pálọ̀. Ogún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Kò sí pèpéle, kò sí máìkì, kò sí iná. Ojúmọmọ la máa ṣe é."

Ó ní eré àtijọ́ kan láti Amẹ́ríkà ni, pé ó ti pẹ́ ju ọjọ́ orí òun lọ, pé gbogbo ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ eré ló mọ̀ ọ́n. Òun ló yí i sí Yorùbá fúnra rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ibi tí mo ti rí i, ńṣe ni wọ́n máa ń fi orin arò àti ẹkún parí ẹ̀. Èmi ò fẹ́ ẹkún. Ẹni tó bá ń sunkún nínú eré, ẹkún òǹwòran ló jí."

Ìtàn eré náà kò ju báyìí lọ: ọkọ, aya àti ọmọbìnrin wọn kan ń gbé nínú ìlú kékeré kan tí yìnyín máa ń bọ́ sí. Ní apá kìn-ín-ní, wọ́n ń jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ní apá kejì, wọ́n tún ń jẹun, ọkọ àti aya ń jà díẹ̀ nítorí bọ́tìnnì kan tó já lára ẹ̀wù. Kó tó di apá kẹta, ìyá ti kú. Bàbá àti ọmọ ṣẹ́ kù, wọ́n sì tún jókòó láti jẹun.

"Ṣé ó tán?" ni mo bèèrè.

"Ó tán."

"Wọn ò rí ẹni tó pa á?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí. "Kò sẹ́ni tó pa á. Àìsàn ni."

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ṣe bàbá. Obìnrin kan tó ń dirí létí títì, tó tún jẹ́ akọrin ní ìjọ Aládùúrà, ló ṣe ìyá. Ìyá Onídìrí là ń pè é. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ló yẹ kó ṣe ọmọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi rí iṣẹ́ sí Àkúrẹ́, ó sì lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ pé kò ní padà, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń bẹ iṣu tí wọ́n máa jẹ. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wò mí.

"Gbé iṣu yẹn wá sí pálọ̀, kí o máa bẹ ẹ́ níbí."

"Pálọ̀ yín á dọ̀tí, Àǹtí."

"Jẹ́ kó dọ̀tí."

Mo jókòó, mò ń bẹ iṣu. N kò wo ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì mí. Àǹtí yíjú sí àwọn tó kù, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn."

Mo sọ fún un pé mi ò lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà ò pọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Ó máa ń kà á sí mi létí, èmi á sì máa tún un sọ lọ́nà ilé títí á fi dúró. Ibì kan ṣoṣo ló ni mí lára. Ní apá kẹta, bàbá á wọlé, á bọ́ fìlà, á ní, "Ó ti lọ." Ọmọ á máa bẹ iṣu lọ. Lẹ́yìn náà á bèèrè pé, "Ṣé kí n bu oúnjẹ yín?"

Ìyá Onídìrí ò lè gba èyí mọ́ra. Ó pàtẹ́wọ́. "Ṣé kí n bu kí ni? Àǹtí, ẹ dákun o. Ọmọ wo ni wọ́n máa sọ fún pé ìyá rẹ̀ kú, tó máa ní ṣé kí n bu oúnjẹ? Ọmọ burúkú gbáà! Tí ọmọ tèmi bá dán an wò, màá jí dìde nínú pósí."

Tíṣà ní, "Ẹ ṣáà kọ́kọ́ kú ná, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ẹnu rín in. N kò sọ fún wọn pé mo mọ ọmọ náà.

Ìdánrawò wa dé nǹkan bí oṣù kan. Lójoojúmọ́ ni Àǹtí ń yọ nǹkan kúrò nínú eré náà: ó yọ orin, ó yọ ìmí ẹ̀dùn tí Tíṣà máa ń mí, ó ní kí Ìyá Onídìrí má ṣe wú ikọ́ nígbà tó bá ń ṣàìsàn, kó kàn máa jókòó léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún kíyè sí i pé òjìji òkè àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú wa máa ń wọ pálọ̀ yẹn nírọ̀lẹ́ ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀ ní tòótọ́. Nítorí náà ló ṣe to eré náà kí apá kẹta lè bọ́ sí àkókò òjìji. Ó ní òkè ló máa bá wa pa iná.

Mo sọ fún bàbá mi pé a fẹ́ ṣe eré. Ó bèèrè bóyá ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní rárá. Ó ní òun á wà lóko, pé kòkó ti pọ́n. Mo ní ó dáa, sà.

Lọ́jọ́ eré, àwọn àga kún, wọ́n tún gbé bẹ́ǹṣì mọ́ ọn. Pálọ̀ náà ò tóbi. Bí mo bá na ẹsẹ̀, mo lè fi tẹ bàtà ẹni tó jókòó níwájú mi. Ìyá àgbà kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé ilé náà ni wọ́n fún ní àga tó sún mọ́ mi jù. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìyàwó Tíṣà wà níbẹ̀. Àwọn tó kù jẹ́ aládùúgbò, àti àwọn kan láti Aládé tí wọ́n gbọ́ pé òyìnbó ń bọ̀ wá ṣe eré. Nígbà tí wọn ò rí òyìnbó kankan, wọ́n ṣáà jókòó.

Apá kìn-ín-ní àti ìkejì lọ dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà ìjà bọ́tìnnì. Nígbà tí Tíṣà ní yìnyín ti ga dé fèrèsé, ọkùnrin kan ní, "Háà, ẹ ti ilẹ̀kùn o!" Ní òpin apá kejì, bí Àǹtí ṣe kọ́ wa, Ìyá Onídìrí dìde nídìí tábìlì, ó mú sálúbàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jáde. Kò sí nǹkan míì. Bó ṣe kú nìyẹn. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níta, a sì lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú fèrèsé.

Òjìji òkè wọlé. Ilẹ̀ pálọ̀ ṣú. Mò ń bẹ iṣu. Tíṣà wọlé, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Ó ti lọ."

Àǹtí ti ní kí n ka èèpo iṣu méje kí n tó sọ̀rọ̀. N kò tíì gé ìkẹta nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan létí mi.

"Ọmọ yìí, o kú arafẹ́rakù o."

Ìyá àgbà ni. Àǹtí ti kìlọ̀ fún wa pé kí a fi òǹwòran ṣe ògiri, nítorí náà n kò gbójú sókè. Mo gé èèpo míì.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Màmá, eré ni o."

"Ta ló bá ọ jiyàn pé kì í ṣe eré? Orúnkún mi kan orúnkún ọmọ yìí. Ṣé kí n wá máa wò ó níran ni?"

Obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò bójú mu. Ọmọ mi, kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró mọ́. Bí ẹnì kan bá ti kí ènìyàn nílẹ̀ wa, ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n wí pé òun jókòó síbẹ̀ tí òun ò kí? Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kí Tíṣà: "Ẹ kú ọ̀fọ̀ aya, sà. Èyí la ó rí mọ." Tíṣà wo ojú Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí ò mi orí. Ni Tíṣà bá dorí kodò, ó ń dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. A ò ní fi irú ẹ̀ gbà á."

Ìyàwó rẹ̀ pariwo láti igun pálọ̀, "Ẹ má tíì kí i jù o! Mo wà láàyè níbí!"

Ilé wú fún ẹ̀rín. Ẹnì kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Òkú ọ̀hún ń jẹ ẹ̀pà níta." Ẹ̀rín tún sọ. Ṣùgbọ́n àárín ẹ̀rín yẹn náà ni wọ́n ń bá ìkíni wọn lọ, wọn ò fi ìkan ba ìkejì jẹ́.

Àwọn tó kí mi pọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Mo mọ púpọ̀ nínú wọn. Obìnrin tó ti ní "báwo ni Èkó?" fún mi lọ́jọ́sí wà lára wọn; ó gbá mi léjìká mú, ó ní, "Ìyá rẹ á sùn re." N kò mọ ìyá tó ń sọ. Bóyá òun náà ò mọ̀ dájú.

A kì í kí ènìyàn kí ó má dáhùn. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró." Kò sí nínú eré.

Ìyá àgbà ti di ọwọ́ mi mú, kò tíì fi í sílẹ̀, oje iṣu sì ti rin ọwọ́ òun náà. Èdè Ìdànrè ló ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí gbogbo ènìyàn ṣe máa gbọ́ ọ. Ó ní, "Ta ní ń se oúnjẹ bàbá rẹ?"

"Èmi ni, mà."

"O ṣé. Ìwọ ńkọ́, ta ní ń bá ọ jẹun?"

Mo wá ìdáhùn rẹ̀ nínú eré, n kò rí i. Mo wá a nílé wa, n kò rí i níbẹ̀ náà. Mo ní, "Kò sí, mà."

Ó ní, "Hùn." Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó sì fi aṣọ rẹ̀ nu tirẹ̀.

Olúkúlùkù padà sí àyè rẹ̀. Pálọ̀ ti ṣókùnkùn díẹ̀ sí i. N kò mọ ibi tí mo ka èèpo dé mọ́, nítorí náà mo ṣáà bẹ iṣu náà tán. Mo wá wo Tíṣà, mo ní, "Ṣé kí n bu oúnjẹ yín?"

Mo retí kí ẹnì kan pè mí lọ́mọ burúkú. Kò sí. Mo gbọ́ tí obìnrin orí bẹ́ǹṣì ń sọ wẹ́rẹ́ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Kí ló tún fẹ́ sọ?"

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Ìyá Onídìrí wọlé pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà láṣọ, ó ń bínú pé òun kú tán, wọn ò ka òun sí. Àǹtí jókòó sí orí àga ìyá àgbà. Ó ní, "Mo ní mi ò fẹ́ ẹkún, wọn ò sì sun ún. Kò sí ohun tí mo lè sọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lọ́la, a máa sún àwọn àga yìí sẹ́yìn." Ó tún wò wọ́n. "Rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ta ló kọ́ ọ ní ìdáhùn tí o fún ìyá àgbà yẹn?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ó dúró bóyá màá sọ̀rọ̀ sí i. Mo gbá èèpo iṣu nílẹ̀, mo sì lọ sílé.

Bàbá mi ti dé. Ó ti jẹun, ó ti da àwo bo àwo. Láti inú yàrá rẹ̀ ló ti ní, "Ẹ ti ṣe eré yín?"

"A ti ṣe é, sà."

"Ó dáa."

Mo jókòó nílé ìdáná. Mò ń ronú nípa gbogbo ọwọ́ tó kàn mí lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé, nígbà tí ogunlọ́gọ̀ wá kí bàbá mi nígbà ọ̀fọ̀ yẹn, tí ilé kún, tí ilé tún ṣófo, ta ni kò tíì kí i? Ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Mo ti bínú sí i tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ fún àìránṣẹ́ pè mí, tí kò fi wá sí mi lọ́kàn pé aya rẹ̀ náà ló kú.

Lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé, ó ń wọ bàtà òjò tó máa wọ̀ lọ sóko. Mo gbé iṣu àti epo rẹ̀ jáde, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò fi àwo bò ó. Mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Bàámi, ẹ kú arafẹ́rakù ìyá mi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lára bàtà. Ó wúkọ́. Ó ní, "O ṣé." Ó wò mí, ó tún wo ilẹ̀. "Ìwọ náà… o kú ìrọ́jú."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo dìde, mo lọ gbé àwo tèmi wá láti ilé ìdáná, mo sì jókòó sí ìkangun bẹ́ǹṣì.